Adúpẹ́ Onígbàjámọ̀ àti Ẹsẹ̀ Òsì Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ẹ gbè é dáadáa, oorun ti wà lẹ́nu yín. Ààlọ́ o!

Ẹ̀hẹ́n. Ààlọ́ mi ta pọ́ún, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé orí ìjàpá, kò bà lé orí ẹkùn. Orí ẹsẹ̀ ènìyàn ló bà lé, ẹsẹ̀ òsì àbúrò ọkọ mi. Ìwọ tó ń yídìí kiri lórí ẹní yẹn, ṣé ara rẹ le? O ní adúpẹ́? Ó dáa. Fìdí mọ́lẹ̀ kí o gbọ́ tèmi.

Àbúrò ọkọ mi yìí, onígbàjámọ̀ ni. Mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà ẹnu mi kò gba orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Adúpẹ́, àdúgbò sì gbà á lẹ́nu mi. Bí o bá bi í pé báwo ni, adúpẹ́ ni. Ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, a ní kí ó kú ọ̀ràn, ó ní adúpẹ́, pé ooru ti ń pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdúró sì ni iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n tirẹ̀ ló ti ń fá ti ẹlòmíràn. Ìgbà tó yá, iṣan ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ dúdú, ó ń yún un, ó yún un títí ó fi ṣí, ó di egbò. Egbò yẹn á fẹ́ jinná, á tún ṣí pa dà. Bí ara rẹ̀ kò ṣe balẹ̀ mọ́ nìyẹn. Á fá orí díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ sókè, á fi gìgísẹ̀ ọ̀tún họ ti òsì, á yí àga po. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ara ò rọ onígbàjámọ̀, ara ò sì rọ ẹni tó gbé orí fún un!

"Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ò dùn yín?"

"Adúpẹ́, ìyàwó wa."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, àbí ẹ ti rí onígbàjámọ̀ tó ń jókòó fá orí rí? Ó sì gbà pé bí òun bá dé ilé ìwòsàn, ọ̀bẹ ló kàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọkanáísà, tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà, ló fà á lọ ní tipátipá. Dókítà obìnrin tó rí wọn ní iṣan tó wú yẹn ti bàjẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gòkè ló ń ṣàn pa dà sísàlẹ̀ níbẹ̀, tó ń dúró, tó ń ba awọ jẹ́. Wọn ò ní là á rárá. Ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n á gbà wọlé, wọ́n á ti okùn tín-ín-rín kan sínú iṣan náà, orí okùn á gbóná, iṣan á pa ojú dé, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ibòmíràn lọ.

Fọkanáísà pariwo. "Iṣẹ́ mi nìyẹn! Túbù ló jò. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé gọ́ọ̀mù wá."

Bí dókítà ṣe wí ló rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, Adúpẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn pa dà sílé. Wọ́n fún un ní ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin, wọ́n ní kí ó máa rìn kiri, kí ó má jókòó sójú kan. Wọ́n tún kìlọ̀ pé ó ń sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú iṣan ńlá ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tó gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pa ènìyàn. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, kí ó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan á sì máa pè é lórí fóònù láti mọ bó ṣe ń ṣe é.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ńkọ́?"

"Adúpẹ́, ọmọ mi."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Adúpẹ́."

Nígbà yẹn, òótọ́ ni. Yíyún ti dín kù, egbò ti ń gbẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń sá aṣọ ìnura ṣọ́ọ̀bù, mo rí i tó jáde, tó wọlé, tó tún jáde. Ó jókòó! Ẹni tí kì í jókòó. Kò tíì jókòó tán tó tún dìde. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti kún ṣòkòtò. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹni tó bá ọ tún òrùlé ṣe, tó tún ń yà wá kí ọ, ṣé wàá sọ fún un pé ó ń jò? Ọmọ yẹn á ní a ò moore."

Ó pa dà sídìí orí tó ń fá, orí fọkanáísà ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè lọ, mi ò lè jókòó. Àfi bí fóònù ṣe dún.

"Bàbá, ara ńkọ́?"

Orí ẹsẹ̀ kan ló dúró tó fi dáhùn. "Adúpẹ́, ọmọ mi."

Ohùn nọ́ọ̀sì ń jáde ketekete nínú fóònù. "Bàbá, gbogbo ẹni tí mo pè lónìí ló ní adúpẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, mi ò mọ èyí tí inú ń run. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Oníbàárà mi ni, ó wà lórí àga."

"Ẹ gbé fóònù fún un."

Ó wò mí, ó wo fóònù. Báwo ló ṣe máa kọ̀ fún ọmọ tó ṣèèyàn tó bẹ́ẹ̀? Ó gbé e fún fọkanáísà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, apá kan orí mi ń dán, apá kejì igbó ni. Láti àárọ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń fá a! Á fá a díẹ̀, á lọ dúró síta, á dé, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí adìẹ tí òjò pa."

"Ṣé ẹsẹ̀ wú? Ṣé ó gbóná?"

Èmi ni mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ó gbóná o! Ó gbóná!"

"Ẹ máa gbé wọn bọ̀ báyìí."

Adúpẹ́ di kílípà mú. "Ẹ jẹ́ kí n parí orí yìí ná."

"Orí ta ni?" Fọkanáísà ti dìde. "Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́. Wọ bàtà, jàre!"

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo orí ọ̀kan, ó wo ẹsẹ̀ èkejì, ó ní èwo ni aláìsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ara wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rìn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nọ́ọ̀sì orí fóònù fúnra rẹ̀ wá síbi ibùsùn, ọmọbìnrin kúkúrú kan báyìí.

Adúpẹ́ sọ orí kodò. "Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ò dára ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wa dára, Bàbá. Iṣan tí a dí ti dí. Ẹnu yín ló fẹ́ bà á jẹ́."

Wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Egbò jinná, ìtàkùn yẹn pòórá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ ibẹ̀ ṣì dúdú di òní. Ó pa dà sídìí àga rẹ̀, ó parí igbó orí fọkanáísà. Nọ́ọ̀sì ò bi í pé ara ńkọ́ mọ́. Ohun tó ń bi í ni, "Kí ni ẹsẹ̀ yín ò jẹ́ kí ẹ ṣe lónìí?" Ẹ bá mi fi adúpẹ́ dáhùn ìyẹn! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó la ẹnu, ó pa á dé, kó tó sọ pé, "Kò jẹ́ kí n lóṣòó." Láti ọjọ́ náà, ẹnu ti là. Á sọ pé ìbọ̀sẹ̀ ń mú ooru, á sọ pé fọkanáísà ń sùn lórí àga, á sọ ti ewúrẹ́ aládùúgbò, títí nọ́ọ̀sì á fi ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ nìkan ni mo bèèrè o."

Ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ìwọ tó ń yídìí, mi ò fẹ́ gbọ́ adúpẹ́. Kí ni ara rẹ ò jẹ́ kí o ṣe láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀?

"Màmá, mi ò lè jókòó. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ẹ ò rí nǹkan! Dìde, sáré lọ tọ̀, kí o fọ ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ká ẹsẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ, ẹ sùn. Ó dàárọ̀.