Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Orúkọ Ìyá Mi ní Kóòtù

Bí òjò bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí òórùn erùpẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́, kóòtù ìbílẹ̀ Ìkàrẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ. Ìwọ náà mọ bí òjò àwọn òkè wa ṣe ń tutù wọ eegun. Irú rẹ̀ ló rọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. A kò tíì sin ín pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ti ilé wa ní Ọ̀kà pa, ó ní obìnrin tí kò bí ọkùnrin kò ní ìpín níbẹ̀. Ìyá mi kó sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì pẹjọ́. Wọ́n ń sún ẹjọ́ náà síwájú ṣáá títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ó gba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin tó máa ń lé orin tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á gbè!

Ọjọ́ tí ẹjọ́ tún bọ́ sí ni ọjọ́ ìdánwò kọ́ọ̀sì kan tí wọn kì í ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Mo lọ bá olórí ẹ̀ka wa pé mo fẹ́ yọ kọ́ọ̀sì náà kúrò. Ó ní kí n jókòó, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù bá mi sọ̀rọ̀.

"Ìgbà tí a fi ń yọ kọ́ọ̀sì ti kọjá. Bí o kò bá wọlé ìdánwò, òdo ni màá kọ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara ìyá mi ni kò yá."

"Mo gbọ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Mo gba kóòtù lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ yọjú; bí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn, wọn á fagi lé ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní mo lè wá bẹ adájọ́ lọ́jọ́ náà pé kó jẹ́ kí n dúró fún un. Mo pinnu pé màá pa ìdánwò tì. Ìyá mi kò gbà.

"Lọ kọ ìdánwò rẹ," ó ní, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi... á lọ."

Aládùúgbò wa obìnrin kan ló gbé e wọkọ̀ láti Ọ̀kà. Mo kọ ohun tí mo lè kọ, mo gun ọ̀kadà nínú òjò. Orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù ni mo bá ìyá mi, ìró rẹ̀ tutù dé orúnkún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lókè. Aládùúgbò wa ti lọ wá omi tó máa fi lo oògùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pe ẹjọ́ náà.

"Mo dáhùn," ìyá mi wí fún mi. "Mo... dá wọn lóhùn."

Mo sáré wọlé. "Ìyá mi wà níta níbí!"

Akọ̀wé wò mí tàánútàánú. "A pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àbúrò mi. Adájọ́ ti fagi lé e. Ẹ lè tún bẹ kóòtù pé kí wọ́n dá a padà."

Aládùúgbò wa sunkún títí a fi délé, ìyá mi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí mo sọ fún un pé a lè dá ẹjọ́ náà padà, ògiri ló kọjú sí. "Ó tó," ó ní. Kò mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú. Àbúrò bàbá mi ta ilé náà.

Mo yege nínú ìdánwò ọ̀hún, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni mo sì fi ń ṣe tíṣà ní Ìṣùà títí dòní. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá bínú sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ní kóòtù, n kò rí. Ẹnikẹ́ni kò bú wa, ẹnikẹ́ni kò sì tì wá síta. Ohun tí òfin wí ni kálukú wọ́n ṣe. Òfin ní kí wọ́n pe orúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ní kí ẹnikẹ́ni yọjú wo ìta.