Ìnáwó Ilé Ìbà, Ìnáwó Ilé Kánádà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ló ní ká fi ìnáwó ilé òun wé ti ilé wa n'Ìbà. Ibi tí ìnáwó bá ti fúyẹ́ jù ni Màámi yóò máa gbé. Ó ti pẹ́ tí èmi àti Màámi ti jọ wà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ rárá. Mo múra bí ẹni tó ń lọ kóòtù.

Ọ̀sán Sánńdè ló pè wá lórí fídíò. "Kí lẹ̀ ń ná lórí iná?"

Mo ní a ń ra kádì mítà, a tún ń ra epo jẹnẹrétọ̀ torí kádì kì í mú iná wá, àdúgbò sì ń dáwó tún tiransifọ́mà ṣe.

"Iná kan náà lẹ̀ ń rà lẹ́ẹ̀mẹta? Ó dáa bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Ó ní mímú ilé gbóná nítorí òtútù ló ń gbowó lọ́wọ́ òun jù. Èmi tí mò ń fi páálí fẹ́ ara mi! Mo ní kó wá kó ooru Ìbà lọ, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí mo dé orí owó àlejò, ó bú sẹ́rìn-ín. Màámi kì í jẹ́ kí ẹni tó wá kí wọn láti Okokomaiko lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á sì fi owó mọ́tò lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ń sanwó fún ẹni tó wá kí yín! Màámi, mi ò ná irú owó yẹn rí o."

Inú bí mi. "Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Owó wo lẹ ò tíì dárúkọ?"

Ó rọra ní ó ku ti ajá òun. Ajá ọ̀hún ní dókítà, ó ní onígbàjámọ̀, ó tún ní ẹni tó ń gbowó láti mú un rìn kiri tí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ síbi iṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lórí àga.

"Ṣé ó ń ṣọ́lé ni?"

"Rárá o, kì í tiẹ̀ gbó. A kàn jọ máa ń jókòó ni."

"Mo borí!" Mo yíjú sí Màámi kí wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa fóònù mọ́ra, wọ́n ń wo ojú ọmọ wọn.

"Ta ló wá kí ọ lóṣù yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ajá rẹ̀ lé itan.

"Bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìrìnnà mi," ni Màámi wí fún un. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ọmọ mi ń sanwó kó tó rí ẹni bá jókòó. Mò ń lọ."

Ẹnu ara mi ló kó bá mi. Mo fẹ́ bi wọ́n pé ta ni yóò bá èmi jókòó, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́.