Ìkòkò Ọbẹ̀ Tó Di Imú Ọkọ̀

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà, òórùn ilẹ̀ pupa ló máa ń gba gbogbo àdúgbò, àfi ilé tiwa, níbi tí òórùn pẹtiróòlù ti ń borí rẹ̀. Ọkọ mi ló fà á. Akọ̀wé báńkì ni, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń lọ aṣọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí bàtà rẹ̀ kan omi. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Sátidé kan tó wa ọkọ̀ pupa kékeré kan wọlé, ọkọ̀ eré ìje àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, tí kò ní òrùlé, tó lọ sílẹ̀ débi pé adìẹ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa wo ojú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú wọn ló tà á fún un. Ọmọ méjì la ti bí nígbà náà, ìjókòó méjì péré ló sì wà nínú ọkọ̀. Mo bi í pé ta ni a óò máa fi sílẹ̀ nílé. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná.

Ohùn ọ̀hún kò dáa. Ọkọ̀ náà ń wúkọ́, ó ń sín, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti gùnkè díẹ̀ lápá ibùdókọ̀ Pleasure, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á bá wa, wọn á kí wa dáadáa, wọn á sì kọjá lọ.

Mẹkáníìkì wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ṣí iwájú ọkọ̀, ó fi kabúrétọ̀ méjì hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti epo ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, pé bí imú ni wọ́n ṣe rí. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ti ọkọ̀ náà. Ọkọ mi kò gbà. Ó ní òyìnbó tó tà á fún òun kì í ṣe irú ẹni tí yóò fi imú ọkọ̀ mìíràn sí ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jiyàn, torí nọ́ńbà tó wà lára irin méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó lè kà á.

Tíṣà ni èmi. Lọ́sẹ̀ kejì yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń tẹ́ bébà lé orí kọ́bọ̀, tí a ó fi pẹ́ńsù ra á títí àwòrán ara rẹ̀ á fi jáde. Nígbà tí mo gbé omi mímu lọ fún ọkọ mi àti mẹkáníìkì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán an wò lára irin yìí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ fi kẹrosíìnì nu ojú irin náà fún mi. Mo tẹ́ bébà lé irin méjèèjì, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù ra á jẹ́jẹ́, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò jọra. Nígbà tí a fi rúlà mi wọn ẹnu wọn, ti ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ dáadáa. Imú kan àbọ̀ ni ọkọ̀ náà ti fi ń mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni mẹkáníìkì wí, "Aǹtí ló yẹ ká ti kọ́kọ́ pè."

Ó lọ wá kabúrétọ̀ méjì tó bára mu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù lójú ọ̀nà Ìpájà. Ihò wọn kò ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnnì, wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ sì gé irin pẹlẹbẹ kan sí àárín wọn. Irin yẹn tì wọ́n síta, fíltà àtijọ́ kò wá gba ibẹ̀ mọ́. Wọ́n nílò ohun kan tó fẹ̀, tó sì fúyẹ́, tí yóò bo ẹnu méjèèjì kí eruku má baà wọlé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wá ìkòkò ọbẹ̀ mi tì.

Ìkòkò alumíníọ̀mù tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó ni. Iwájú ọkọ̀ ni mo ti bá a. Wọ́n ti lu ihò méjì sí ìdí rẹ̀, wọ́n ti dè é mọ́ ẹnu kabúrétọ̀, wọ́n sì ti gé ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi sí ojú ìdérí rẹ̀. Ó yọ sókè débi pé iwájú ọkọ̀ kò ṣeé pa dé mọ́, ni wọ́n bá kúkú tú ìbòrí rẹ̀ kúrò. Ọkọ mi ní òun ti fẹ́ sọ fún mi. Mo bi í pé ìgbà wo.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ náà gun òkè Pleasure bí ẹni tí ajá ń lé. Àmọ́ ìkòkò náà ń ké. Bí ọkọ mi bá ti tẹ iná mọ́ ọn, igbe ńlá á jáde, bíi ti màlúù tó wá ọmọ rẹ̀ tì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa, tí wọ́n máa ń gbàdúrà òwúrọ̀, rò pé ẹnìkan nínú wọn ni, wọn á sì ṣe àmín sí i.

Baba onílé wa kò ṣe àmín. Alhájì àgbà ni, ọmọ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó pè wá, ó ní àwọn adìẹ òun ti dẹ́kun yíyé ẹyin, pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí ọkọ̀ yẹn kò bá kúrò, kí àwa kúrò. Ilé tó ní kànga bíi tiwa ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nígbà yẹn. N kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá fúnra rẹ̀ láti wá wo ohun tó ń ké. Ó ní kí ọkọ mi tan án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn síwájú, fìlà rẹ̀ sì já bọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, ìkòkò ti fà á mọ́ ẹnu bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú. Ọkọ̀ náà jan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé orí.

Baba wo fìlà náà títí. "Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá ohun tí yóò pa á lẹ́nu mọ́," ló wí. "Àṣé fìlà ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi kí n tó lè dá a dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá baba náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí aṣọ tó nípọn bá lè pa á, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá á kàn dín igbe rẹ̀ kù ni. Mo ní kí mẹkáníìkì dí ihò ńlá yẹn, kí ó lu ihò wẹ́wẹ́ yí ìkòkò ká bí ajọ̀. Mo yọ fóòmù inú ìrọ̀rí kan, mo fi wé e, mo rán aṣọ tí kò nípọn bò ó, mo fi rọ́bà sí etí rẹ̀ bíi ti ṣòkòtò ọmọdé. Wẹ́dà gé ojú ìbòrí ọkọ̀, kí ìkòkò lè yọrí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan án, ó kàn ń kùn bí ẹni tó ń kọrin nínú imú.

Baba tẹ́tí sí i. Ó ní kí ọkọ mi gbé òun lọ kí àbúrò òun ní Ìgándò. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di fìlà mú lọ, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi dì í mú bọ̀. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kí á kó kúrò mọ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kan dá wa dúró ní Ìyànà Ìpájà. Ó wo ìkòkò aláṣọ tó yọrí lójú ọkọ̀, ó yí i po, ó bi ọkọ mi pé ta ló ṣe irú èyí. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó mi ni," ni ọkọ mi wí, ó sì na ìka sí mi.

Ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀, ó wò mí dáadáa, ó ní ṣé mo lè bá òun wo alùpùpù òun.

Mo di ọ̀gá ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fún mi ní àwọn ìwé ẹ̀yẹ tí mo gbé kọ́ ara ògiri. Àwọn tó fún mi sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ tí ọkọ mi fi mí yangàn lójú ẹlòmíràn, láìsí pé mo se oúnjẹ tàbí bímọ fún un lọ́jọ́ náà. Títí a fi délé, n kò lè sọ̀rọ̀. Ó rò pé inú ń bí mi ni, ó ń bẹ̀ mí, mo sì jẹ́ kó máa bẹ̀ mí lọ.