Abala Àárín Aṣọ Ìyá Àgbà

Òórùn káńfọ̀ àti ọ̀dà ni yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀wọ̀ máa ń rùn nígbà náà. Bí mo bá ti dé láti ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ, èmi akọ̀wé ìjọba tó ń ya àwòrán bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Àwòrán ìyá mi tó ti dolóògbé ni mò ń yà: ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ojú jọ, ọwọ́ jọ, ṣùgbọ́n ìró tó ró mọ́dìí kọ̀ jálẹ̀. Bí mo ṣe kùn ún tó, ṣe ló ń dán bíi táìlì. Ni mo bá ní kí n kúkú rán aṣọ gidi mọ́ ọn.

Mo rí aṣọ òfì aláró kan nínú àpótí rẹ̀, abala mẹ́ta tí wọ́n rán pọ̀. Mo tú abala àárín, mo gé e, mo rán an mọ́ kánfáàsì. Ìyá mi padà wálé lójú mi! A kì í gé aṣọ olóògbé kí àgbà ilé tó pín in, mo sì mọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà, pè láti Upenmẹn, ìlú kan nítòsí wa. Ó ní òun ń bọ̀ wá gba aṣọ òfì abala mẹ́ta tí òun fi pamọ́ sọ́wọ́ àbúrò òun, èyí tí ìyá wọn hun, tí wọn yóò fi sin òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé mo ti gé aṣọ ìsìnkú rẹ̀?

Nígbà tó dé, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sí àwòrán. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

“Uṣẹ́ ọwọ́ mi nù-un! Wo ibi tí mo ti fo òwú.”

Ó ní ọmọdébìnrin tó ń kọ́ aṣọ híhun ni òun nígbà tí òun hun abala àárín náà. Ìyá wọn rán èyí tó bà jẹ́ náà sáàárín tirẹ̀, kó má baà sọ̀rètí nù.

“Ẹ má bínú, mà.”

“Kí ni n ó bínú sí? Méjì tó kù, ti ìyá mi ni. Ó tó mi í wọ sàárè.”

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fúyẹ́. Ó gba abẹ́rẹ́, ó rán abala méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń bá mi wí lórí àwòrán: “Àbúrò mi kì í ró ìró báyìí. Apá òsì ló máa ń ki etí ìró sí.” Ọjọ́ náà ni mo tú u, tí mo tún un rán.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé èmi nìkan ló ń rántí ìyá mi. N kò ronú kàn án pé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ṣì wà nítòsí, n kò sì béèrè. Ní báyìí, kò sí àwòrán tí mo yà tí ìyá àgbà kì í kọ́kọ́ wò. Aṣọ abala méjì náà wà nínú àpótí rẹ̀ ní Upenmẹn. N kò kánjú kí ẹnikẹ́ni ṣí i.