Màlúù Méje Inú Fóònù

Ẹgbẹ̀rún méjì àti igba náírà ni mò ń ta dọ́sìnnì síìpù kan lọ́sẹ̀ yẹn, aránṣọ kan sì ń bá mi jà pé ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ni òun rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó padà sínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá kó lọ rà á níbẹ̀. Ibi tá a ti ń fà á ni Rófíátù, ọmọ àbúrò mi, ti wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní CMS.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ta síìpù, òwú àti bọ́tìnnì lẹ́yìn Ìga Ìdúngànran. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, méjì ni mo rántí. Síbẹ̀, èmi ni wọ́n ń kó owó fún ládùúgbò wa tí a bá fẹ́ dá nǹkan rà, torí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni ò sọnù lọ́wọ́ mi rí.

Rófíátù ń ṣe eré kan fún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn á fún ọ ní ọmọ màlúù nínú fóònù, wàá máa fún un ní koríko, wàá máa wẹ̀ ẹ́. Tó o bá gbàgbé rẹ̀, á rù. Mo bi í pé ta ló fẹ́ ṣe wàhálà màlúù láìjẹ ẹran rẹ̀. Ó ní wọ́n pọ̀. Ó ti gbé e sí ìkànnì kan tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń dáwó fún un kó lè parí iṣẹ́ náà, ẹni tó bá dáwó á sì gba màlúù tirẹ̀ lọ́jọ́ tí eré bá jáde. Ó wá ku àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lọ́nà méje. Bí kò bá pé kí oṣù tó parí, ìkànnì náà á dá owó oníkálukú padà, ọdún méjì tó fi jókòó ti kọ̀ǹpútà á wọgbó.

Mo ní, “Méje? Ìyẹn ò le.”

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èèyàn méje ló máa ń dáwó ra màlúù kan fún Iléyá. Mo lọ bá obìnrin mẹ́fà tá a jọ ń tajà. Mo ní màlúù ni, àwa méje ni, wọ́n á sì máa rí i nínú fóònù wọn bó ṣe ń sanra. N ò purọ́. N ò kàn sọ fún wọn pé kò sí níbòmíràn ni. Alhaja Múìnátù tó ń ta àǹkárá ní ọ̀ọ́kán mi ti yan itan ẹ̀yìn kó tó ka owó fún mi.

Eré náà jáde nígbà tí Iléyá ku oṣù méjì. Rófíátù fi màlúù sínú fóònù tèmi àti ti oníkálukú wọn, oníkálukú wọn sì sọ ọ́ lórúkọ. Màlúù kan, orúkọ mẹ́fà, ìyẹn gan-an ò kọ wọ́n lóminú. Alhaja pe tirẹ̀ ní Àdùkẹ́. Oníbàárà á dúró, Alhaja á ní kó ní sùúrù, òun ń fún Àdùkẹ́ lómi. Ó gbà pé tí òun bá ti tẹ koríko lórí fóònù, darandaran kan wà níbì kan tó ń gbé e fún un.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, ó sọdá wá bá mi.

“Ibo ni wọ́n so ó mọ́?”

“Inú fóònù ni, Alhaja.”

“Mo ti rí i nínú fóònù. Mo ní ibo ni wọ́n so ó mọ́?”

Mo ṣàlàyé.

“Ìyá Bọ́tìnnì, o gba àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ mi, o fún mi ní àwòrán?”

“Ó ń mu omi, Alhaja.”

“Èmi náà ń mu omi. Owó mi dà?”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní bí owó àwọn ò bá dé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, kò tún sẹ́ni tó máa fi owó pamọ́ sí mi lọ́wọ́ mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Síìpù kàn ń bọ́ mi ni. Orúkọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni mo fi ń rìn láàárín ọjà. Rófíátù sì ti ná owó náà tán sórí iṣẹ́. Mo ta páálí síìpù mẹ́rin ní iye tí mo rà wọ́n, mo sì dá owó wọn padà lọ́jọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó rẹ̀ padà, á dá ọjà padà: mo ní kí Rófíátù kó màlúù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sínú fóònù tèmi. Mo di ọlọ́sìn màlúù méje. N ò fún ìkankan nínú wọn ní koríko.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn Iléyá, Alhaja wá jókòó sórí àga oníbàárà mi. Ó béèrè orúnkún mi. Ó béèrè ọjà. Ó wá ní, bí ẹni tí kò bìkítà, pé Àdùkẹ́ ńkọ́? Mo ṣí fóònù. Àdùkẹ́ ti dùbúlẹ̀, eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

“Ìwọ obìnrin yìí, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run.”

“Ṣebí àwòrán ni, Alhaja.”

“Èló ni?”

“Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún.”

“Màlúù tó ti rù báyìí?”

A ná an fún odidi wákàtí kan. Ó san márùndínlọ́gọ́ta, ó sì ti ń wẹ̀ ẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó kù rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá, oníkálukú pẹ̀lú ìdúnàádúrà tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹran jíjẹ. Alhaja kan náà ló kọ́kọ́ kó owó ayẹyẹ Máólúùdì wá fún mi pé kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Rófíátù béèrè bóyá ó dùn mí pé mo bá òun dá sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣírò ná. Lórí màlúù mẹ́fà tí pátákò wọn ò kan ilẹ̀ rí, mo jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.