Búrẹ́dì tí Màmá Morọ́láyọ̀ Kò Jẹ

Lazarus Mákánjúọlá, atẹ̀wé ní Ṣómólú, kì í purọ́. Ó kàn máa ń dákẹ́ ni.

Òun ló kó èèyàn mẹ́rìnlá jọ sí yàrá kan ní Bàrígà pé kí wọ́n padà sí ìgbàgbọ́ ìjọ àkọ́kọ́. Ó ní ariwo nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀ṣì òde òní. Ó túmọ̀ ìwé àwọn bàbá ìjọ ìgbàanì sí Yorùbá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó bu búrẹ́dì, ẹni tó ṣẹ̀ á jẹ́wọ́ ní gbangba. Ẹni tó ń bá ará jà kò ní jẹ títí ìjà á fi parí.

Lọ́dún tí àwọn sójà fẹ́ gbéjọba fún alágbádá, olóṣèlú kan gbé iṣẹ́ ayédèrú ìwé ìdìbò wá. Lazarus kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á, ó ní bí òun ò bá tẹ̀ ẹ́, aládùúgbò òun á tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó ti bàjẹ́ ni atẹ̀wé kọ́kọ́ ń fi sí maṣíìnì kí íńkì tó dúró dáadáa. Èyí tó bàjẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀yìn wọn ló sì fi dán ìwé ìdìbò náà wò. Nígbà tó ń to ojú ìwé ìjọ jọ, ọ̀kan nínú ìwé tó fi dánwò yẹn bá wọn wọlé, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìdìbò, Màmá Morọ́láyọ̀, àgbà ìjọ, dìde.

“Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Aago méje àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìlà. Oòrùn pa mí, ṣùgbọ́n mo dìbò!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lazarus náà pa á.

Màmá ṣí ìwé tuntun tí Lazarus tẹ̀, ó ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa irọ́, ó yí ojú ìwé náà sẹ́yìn. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú àti àyè ìtẹ̀ka ló wà níbẹ̀. Ó wo Lazarus títí, ó pa ìwé náà dé.

“Ojú mi ò ríran mọ́. Kí ẹlòmíì kà á.”

Nígbà ìjẹ́wọ́, Lazarus ní òun bínú sí ìyàwó òun. Màmá gba búrẹ́dì, kò bù ú, ó na án sí ẹni kejì.

“Màmá, ta lẹ ń bá jà?” ni ará kan béèrè.

“Ẹni náà mọ ara rẹ̀. Mò ń dúró dè é.”

Lazarus jẹ tirẹ̀.

Ìsinmi márùn-ún ni Màmá kò fi jẹ. Àwọn ará ní ọkàn rẹ̀ ti le jù, wọ́n ní kí Lazarus, olórí wọn, gbàdúrà kí Ọlọ́run mú un rọ̀. Ojú ti Lazarus bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó gbà á.

Àmín ti Màmá ló dún jù.