“A Dúpẹ́” Tí Wọ́n Kọ Sínú Fáìlì Mi

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ilé wa ní àdúgbò Jane and Finch nílẹ̀ òyìnbó, ìka mi kọ̀, kò lè tì í bọ ihò. Àwọn oríkèé wú, wọ́n gbóná, wọ́n sì le gan-an. Bísí, ìyàwó mi, ló bá mi de bọ́tìnnì náà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Kó tó pẹ́, mi ò lè di kálámù mú mọ́.

Làkúrègbé ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń bá oríkèé jà. Oògùn lè tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Kì í lé e lọ pátápátá.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ nìyí: fún odindi ọdún kan, ilé ìwòsàn mi kò yẹ ìka mi wò, wọn ò sì yí oògùn padà. Lẹ́yìn tí mo bá ti jókòó títí, wọ́n á béèrè bí ara ṣe rí, èmi á sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé kò sí ìrora. Nígbà tí mo gba fáìlì náà kà, díẹ̀ ló kù kí n da oògùn nù. Ta ló ní ẹni tó ń dúpẹ́ kò lè máa jẹ̀rora?

Bísí ló rí ìkéde ìwádìí kan: ìtọ́jú ọkàn onígbà díẹ̀ fún àwọn tí àìsàn ara ti bá gbélé.

“Ṣé wèrè ni mí ni?”

“Wèrè kọ́, Bàbá Tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń jágbe mọ́ bọ́tìnnì.”

Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni aláìsàn yóò jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìfetísílẹ̀, kí wọ́n jọ wo ohun tí àìsàn ń fi ọkàn ṣe. Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe ìwádìí náà, ló gbà mí lálejò.

“Báwo ni ara, sà?”

“A dúpẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run ti gbọ́ tiẹ̀, sà. Èmi ńkọ́? Kí ni kí n kọ?”

Mo wo àwọn ìka mi tó wú. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́: “Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní kọ́ni mọ́.” Kò káàánú mi, kò yára dá mi lóhùn, ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Irú ọgbọ́n yẹn, n kò rí i rí. Nígbà tó yá, ó ní kí n sọ ìrora náà bí ẹni pé òun ni dókítà, “láìsí a dúpẹ́ o, sà.” Mo lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nílé ìwòsàn mi. Wọ́n yí oògùn padà, wíwú náà rọlẹ̀, mo sì padà sí kíláàsì.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà nípa ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì mi. Wọn ò tíì fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ béèrè fún irú ìtọ́jú yìí. Wọn kò ní fi lọ̀ yín.

Ara mi kò parọ́ rí. Ẹnu mi ló ń bò ó. Láàárọ̀ yìí, ìka méjì tún le. Bísí béèrè láti ilé ìdáná pé, “Ọwọ́ ńkọ́?”

“Ó ń dùn mí.” Mo de bọ́tìnnì márùn-ún, mo fi ẹ̀kẹfà sílẹ̀ fún un. “A dúpẹ́.”